Ohùn Ilé àti Ohùn Àìrí: Bí Ọmọ Bá Ní Òun Ń Gbọ́ Ohùn

Nínú àwọn ìkìlọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan wà tí ó ṣòro kí ọmọ tí a tọ́ ní agbo-ilé má mọ̀. Ìkìlọ̀ náà ni pé bí ènìyàn bá gbọ́ tí a pe orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ìbáà ṣe ní òru nígbà tí ẹsẹ̀ ti pa lójú ọ̀nà, tí kò sì rí ẹni tí ó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì tọ àgbà ilé lọ láti bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ pè mí?” Bí àgbà náà bá ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, yóò ní kí ọmọ náà jókòó ti òun.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní a máa fi ìkìlọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a ó rí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀. Èkíní, àwọn baba wa mọ̀ pé etí ènìyàn lè gbọ́ ohùn tí kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde. Èkejì, wọn kò torí èyí pe ẹni tí ó gbọ́ ọ ní wèrè. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ohùn náà. Wọ́n ní kí ó wá bá àgbà. Ohun kẹta yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé òun gan-an ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Bí ọmọ bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní òde òní pé òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta ni ó sábà máa ń bá pàdé. Àwọn kan yóò jágbe mọ́ ọn pé, “Pa ẹnu rẹ mọ́! N kò gbọdọ̀ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ mọ́.” Àwọn kan yóò dì í lẹ́rù lọ sí ibi tí wọn yóò ti nà án, tí wọn yóò fi ebi pa á, tí wọn yóò sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìwòsàn. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọn yóò ní wòlíì ni Ọlọ́run fi ta àwọn lọ́rẹ, wọn yóò sì máa bi ọmọdé ní ọ̀rọ̀ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n forí lé: kò sí èyí tí ó jẹ́ kí ọmọ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kọ́ láti dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ni ewu tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ohùn náà kò ní bá a dákẹ́.

ORÚKỌ TÍ A FI PE NǸKAN

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà “gbọ́” kò mọ sí ti etí nìkan. A ń gbọ́ òórùn. A ń gbọ́ èdè, èyí ni pé ó yé wa. Ọmọ tí ó gbọ́ràn ni ọmọ tí ó ṣe ohun tí a wí. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun gbọ́ ohùn, iṣẹ́ tí ó já lé àgbà léjìká ni kí òun náà gbọ́ ọmọ, kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà yé e, kí ó tó wá orúkọ fún un.

Àwọn àgbà mọ̀ pé orúkọ a máa roni. Ìdí nìyí tí wọn kò fi kó gbogbo ìdààmú ọkàn àti ti orí sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n dá wèrè tí ó ti já wọ ọjà mọ̀ yàtọ̀ sí wèrè aláṣọ, ẹni tí ó ṣì wọ aṣọ, tí ó ṣì ń bá ènìyàn jẹ, tí ó ń bá ènìyàn mu. Wọ́n ní abísínwín fún èyí tí ó máa ń kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n ní ọdẹ orí fún èyí tí ẹni tí ó ń ṣe yóò máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Wárápá ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ tí ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, tí ó sì ń bá a ṣeré, wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. A lè má gba gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe gbọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú pípín in sí ìsọ̀rí kò ṣeé gbé sọnù. Ẹni tí ó bá pe ọmọ ọdún 10 ní wèrè nítorí pé ó gbọ́ ohùn ní alẹ́ kan ti fi orúkọ kan tí kò ní tètè kúrò lára ọmọ náà dè é. Àwọn ará àdúgbò yóò sọ ọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò sọ ọ́, ọmọ náà pàápàá yóò sì gbà á gbọ́. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àfi kí a ṣọ́ra gidigidi kí àwa fúnra wa má fi ẹnu bí i.

ỌMỌ NÁÀ KÒ DÁ NÌKAN WÀ

Ohun tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 2012, Ian Kelleher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ireland kó àwọn ìwádìí oríṣiríṣi tí a ti ṣe láàárín àwọn ọmọ jọ. Wọ́n rí i pé, nínú 100 ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 12, nǹkan bí 17 ni ó sọ pé àwọn ti gbọ́ tàbí rí ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tàbí rí, tàbí pé irú èrò àjèjì bẹ́ẹ̀ wá sí àwọn lọ́kàn. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18, iye náà rẹlẹ̀ sí bíi 7 tàbí 8 nínú 100. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ a máa dàgbà kọjá rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Sandra Escher àti Marius Romme tẹ̀ lé àwọn ọmọ 80 tí wọ́n ń gbọ́ ohùn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ní òpin ọdún kẹta, ohùn náà ti dákẹ́ lára nǹkan bí 60 nínú 100 wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Àwọn tí ohùn náà kò tètè fi sílẹ̀ ni àwọn tí ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa: ìbẹ̀rù tí a bá dá kún ọmọ lọ́kàn kò lè lé ohùn lọ, ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò dá a dúró.

Ìwádìí kan tún wà tí a ṣe nítòsí wa. Tanya Luhrmann, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn àgbàlagbà 60 tí àìsàn ọpọlọ líle ń ṣe, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn, sọ̀rọ̀: 20 ní Accra ní ilẹ̀ Gánà, 20 ní Chennai ní ilẹ̀ Íńdíà, 20 ní ìpínlẹ̀ California. Nínú àwọn ará Accra, ìdajì ni ó sọ pé ohun rere ni ohùn náà sábà máa ń bá àwọn sọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ohùn Ọlọ́run ni. Nínú àwọn ará California, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó sọ bẹ́ẹ̀; èébú, ìhàlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogun ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́. Èrò àwọn olùwádìí náà ni pé ohun tí àwùjọ gbà gbọ́ nípa ohùn, àti bí wọ́n ṣe ń dáhùn sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, lè yí bí ohùn náà ṣe ń dún padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, mélòó mélòó ni ọmọdé tí ojú àgbà ni ó fi ń wo ayé.

OHUN TÍ Ó LÈ FÀ Á

Kò sí ẹni tí ó lè jókòó sílé kí ó sọ ìdí rẹ̀ láìbéèrè, nítorí pé ìdí rẹ̀ pọ̀. Ibà líle, ìbáà ṣe ti ẹ̀fọn ìbáà ṣe táífọ́ọ̀dù, lè mú kí ọmọ máa sọ ìsọkúsọ, kí ó sì máa gbọ́ ohun tí kò sí. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀, etí àti ojú rẹ̀ ni ó ń dà láàmú. Àìsùn dáadáa lè fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá ni ó máa ń gbọ́ tí a ń pe orúkọ wọn nígbà tí oorun bá fẹ́ gbé wọn lọ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń jí bọ̀. Igbó mímu àti àwọn oògùn olóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ní ìkọ̀kọ̀ lè fà á pẹ̀lú.

Ìbànújẹ́ a sì máa fà á. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú lè gbọ́ ohùn òkú náà fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ọmọ tí a ń lù nílùkulù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín ní ilé-ìwé, tàbí tí àgbàlagbà kan ń bá ṣe ohun tí kò tọ́ ní ìkọ̀kọ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn tí ń bú u. Níbi báyìí ni ó ti yẹ kí òbí ní ìgboyà, nítorí pé nígbà mìíràn, ohun tí ohùn náà ń sọ ni ohun tí ọmọ náà kò rí ẹnu sọ.

Ní ti irú àìsàn ọpọlọ líle tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù, kò wọ́pọ̀ rárá kí ọmọ tó pé ọdún 13. Láàárín àwọn ọ̀dọ́langba títí dé ẹni ọdún 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, títètè tọ́jú rẹ̀ ni ó dára jù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

BÍ A ṢE Ń BI ỌMỌ NÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọdún 11 kan tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún tí ó kọjá. Ó wá bá ìyá ìyá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ní alẹ́.

“Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹnìkan tún ń pè mí.”

“Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, wá jókòó níbí. Níbo ni o ti gbọ́ ọ?”

“Lẹ́yìn fèrèsé ni, ma. Nígbà tí oorun ń kùn mí.”

“Èmi kò gbọ́ ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ gbọ́ ọ. Ohùn ta ni ó jọ?”

“Nígbà mìíràn ó jọ ti bàbá mi. Nígbà mìíràn, n kò mọ ẹni náà. Ó máa ń sọ pé èmi ni mo pa bàbá mi.”

“Háà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ǹjẹ́ ó ní kí o ṣe nǹkan kan? Ǹjẹ́ ó ní kí o ṣe ara rẹ tàbí ẹlòmíràn ní jàǹbá?”

“Rárá, ma. Ó kàn ń bú mi ni. Ṣé ẹ kò ní sọ fún wọn pé orí mi ti dàrú?”

“Orí rẹ kò dàrú. Ìwọ kọ́ ni o pa bàbá rẹ. Àìsàn ni ó pa á, ojú mi ni ó ṣe. Ó ṣeun tí o sọ fún mi. Ìyá rẹ nìkan ni n ó sọ fún, àwa méjèèjì yóò sì mú ọ lọ rí dókítà. Gbé ẹní rẹ wá sí ọ̀dọ̀ mi lálẹ́ yìí.”

Ẹ kíyè sí ohun tí ìyá àgbà yìí ṣe. Kò parọ́ pé òun náà gbọ́ ohùn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún ọmọ pé irọ́ ni ó ń pa. Gbólóhùn rẹ̀, “Èmi kò gbọ́ ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ gbọ́ ọ,” ni gbólóhùn tí ó yẹ kí gbogbo òbí àti olùkọ́ há sórí. Ó béèrè ibi tí ohùn ti wá, ìgbà tí ó wá, ẹni tí ó jọ àti ohun tí ó sọ. Ó béèrè ní tààrà bóyá ohùn náà ń pàṣẹ. Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù láti béèrè èyí, wọ́n rò pé àwọn yóò fi èrò búburú sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbéèrè kì í dá èrò pípa ara ẹni sílẹ̀, ìdákẹ́ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó já irọ́ tí ohùn náà ń pa fún ọmọ náà. Ó sọ fún ọmọ náà ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tí kò ní gbọ́ ọ, kò sì ṣe ìlérí àṣírí tí kò lè pa mọ́. Ní ìparí, kò jẹ́ kí ó dá sùn.

OHÙN ILÉ

Ní ayé àtijọ́, bí a bá ní ọmọ kan ń bá ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ sọ̀rọ̀, a máa ń ṣe sàárà. A ó ṣe ẹ̀wà, a ó din àkàrà, a ó gé ìrèkè, a ó kó àwọn ọmọdé àdúgbò jọ, wọn yóò jẹ, wọn yóò kọrin, wọn yóò jó. Ẹni tí kò gbà pé ẹgbẹ́ ọ̀run wà yóò sọ pé oúnjẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí sàárà náà ṣe: ọmọ tí ó dá wà rí ẹgbẹ́ ayé tí ó yí i ká. Kò sí ẹ̀sìn tí ó ní kí a má kó ọmọdé jọ ti ọmọdé. Èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ ni gbígbẹ́ abẹ sí ọmọ lára, lílù ú, àti fífi ẹnu pè é ní àjẹ́ tàbí emèrè. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń gbọ́ èébú láti ibi tí kò rí kò tún gbọdọ̀ máa gbọ́ èébú láti ẹnu àwọn tí ó bí i.

Oríkì tún wà. Ìyá tí ó bá jí ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ń sọ fún un ẹni tí ó jẹ́, ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, àti pé a fẹ́ ẹ. Bí ohùn àìrí bá ń sọ fún ọmọ pé kò wúlò, oríkì ni ìdáhùn tí ilé ní sí i. N kò sọ pé oríkì jẹ́ oògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tí ohùn ilé ń dún sí létí lárọ̀ àti lálẹ́ ní ohun tí yóò fi wọn ohùn mìíràn wò.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tún wà tí ó máa ń ṣèrànwọ́. Kí ọmọ sùn ní àkókò, kí ó jẹun ní àkókò. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀, kí ó kọrin, kí ó kùn orin sínú, tàbí kí ó kàwé sókè. Ọ̀pọ̀ tí ó ń gbọ́ ohùn rí i pé ó máa ń rọlẹ̀ bí ẹnu tiwọn bá ń ṣiṣẹ́. Kí ó lọ ta ayò, kí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀fọ́. Kí òbí fi ìwé kékeré kan pamọ́, kí ó máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ohùn wá àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìwé náà yóò wúlò fún dókítà. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè kọ̀wé nínú ilé, kí a fi sọ́kàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ipa tiyín kò kéré. Ọmọ tí ó ń wo òkèèrè nínú kíláàsì, tí ó ń dáhùn sí ohun tí ẹ kò sọ, lè má jẹ́ aláìgbọràn. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ yín ni ó wà láti dá a dúró.

NÍGBÀ TÍ ILÉ-ÌWÒSÀN BÁ KÀN

Títẹ́tí sí ọmọ kò ní kí a má lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ibà tàbí gìrì bá wà ńbẹ̀, kí a gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ohùn náà bá ń pàṣẹ fún un pé kí ó pa ara rẹ̀ tàbí kí ó ṣe ẹlòmíràn léṣe, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan fún ìṣẹ́jú kan. Kí a kó ọ̀bẹ, oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí a sì gbé e lọ ní ọjọ́ náà. Bí ohùn náà bá ń bá a fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tí ó sá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sẹ́yìn, tàbí tí ó ń fura sí gbogbo ènìyàn, kí a lọ. Dókítà tí ó bá wà nítòsí ni kí a kọ́kọ́ rí, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ó bá yẹ, yóò darí wọn sí Aro ní Abẹ́òkúta, sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tàbí sí ilé-ìwòsàn àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn tilẹ̀ ní ibùdó kan tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba nìkan.

Àwọn tí ó rò pé ilé-ìwòsàn ọpọlọ lòdì sí àṣà wa kò mọ ìtàn Aro. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ògiri. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká ṣe àdéhùn, àwọn aláìsàn sì ń gbé láàárín wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan kan dání, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ohun tí Lámbò rí ni ohun tí ìkìlọ̀ ìgbà èwe wa ti sọ: ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò gbọdọ̀ dá wà, kí ẹni tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti egbòogi, kí a sọ òótọ́ rẹ̀ ní ojú méjèèjì. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn wa ti ń lò fún wèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine láti ara igi kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Èròjà yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ náà, àwọn ilé-ìwòsàn òyìnbó sì lò ó fún àìsàn ọpọlọ. Nítorí náà, àwọn baba wa kò fọ́jú. Ṣùgbọ́n èròjà kan náà a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa mú ìbànújẹ́ bá ọkàn. Ìdí nìyí tí àwọn oògùn mìíràn fi gba ipò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò ó fún ọmọdé mu nílé. Bákan náà, bí dókítà bá fún ọmọ ní oògùn, kí òbí má ṣe dá a dúró láìbéèrè.

Ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni ó bani lọ́kàn jẹ́ jù. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé ibi 28 ní Nàìjíríà tí a ti ń tọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n ní ibi ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì àti ní ti Mùsùlùmí. Ọmọdé wà lára wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè ti ayé àwọn òyìnbó, tí ó sì kọ ẹ̀tọ́ àti iyì aláìsàn sílẹ̀. Òfin ti wà. Ojú àwa òbí ni yóò mú un ṣẹ.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN OLÓRÍ Ẹ̀SÌN

Kò sí bí a ó ti ṣe é, ọ̀pọ̀ òbí yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wòlíì, aáfà tàbí babaláwo kọjá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n rántí Élì, àlùfáà àgbà inú Bíbélì. Nígbà tí ọmọ náà Sámúẹ́lì sáré wá bá a ní òru pé ó pe òun, Élì kò nà án, kò lé e jáde, kò sì gbé e sórí pẹpẹ ní òru ọjọ́ náà. Ó ní kí ó padà lọ sùn. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí ó sọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ fún òun láìfi ohunkóhun pamọ́, ó sì gbọ́ ọ tán, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kan òun fúnra rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún ọmọ, ẹ ka Kùránì sí i, ẹ wúre fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má dè é, ẹ má fi ebi pa á, ẹ má ní kí ó gba ààwẹ̀, ẹ má sì sọ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n má lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ohùn náà bá jẹ́ ti Ọlọ́run, yóò ní sùúrù kí ọmọ náà dàgbà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín lọ́la, ẹ má ṣe wá ẹlẹ́bi kiri nínú ilé ọkọ tàbí nínú ilé ìyàwó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ bi í, ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ mú un lọ sí ibi tí ó yẹ, kí ẹ sì bá a padà wá sílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.